Ṣé ilé ẹjọ́ ló dá pípín orin lọ́fẹ̀ẹ́ dúró, àbí ìrọ̀rùn? Níbo sì ni owó olórin ń jò sí báyìí?

Àyàn_Orí_Ẹ̀rọ:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé o. Gbólóhùn méjì kan wà tí kì í wọ́n nígbàkúùgbà tí a bá ti dárúkọ Napster, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn fi ń pín orin láàárín ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan á ní pípín fáìlì ló pa òwò orin. Àwọn kan á ní ilé ẹjọ́ ló pa pípín fáìlì. Lójú tèmi, méjèèjì kò dúró bí a bá wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí àwọn ẹjọ́ náà ṣe lọ. Ilé ẹjọ́ borí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò borí àṣà náà. Ohun tó borí rẹ̀ ni ìgbà tí sísan owó wá rọrùn ju wíwá fáìlì kiri lọ. Owó tó sì ń sọnù mọ́ olórin lọ́wọ́ lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ olè rárá, inú àkọsílẹ̀ tí kò pé ló wà.

Kí ẹni tó mọ ẹ̀rọ sọ ti ẹ̀rọ, kí ẹni tó mọ òfin sọ ti òfin. Mo bẹ̀ yín, ọdún àti iye ni kí á fi máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe "wọ́n ní".

Ẹlẹ́rọ_Ohùn:

Ẹ kú iṣẹ́, Àyàn. Orí bí fáìlì ṣe tóbi tó ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kí Napster tó dé.

CD máa ń wọn ohùn nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíìtì 16 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀, bíìtì 1,411,200 ni ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orin oníṣẹ́jú 4 á wá gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 42. Lórí módẹ́ẹ̀mù 56k ayé ìgbà yẹn, kódà bí ó bá sá gbogbo eré rẹ̀, wákàtí kan àti nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni fún orin kan ṣoṣo.

MP3 ni ó yí ìṣirò yẹn padà. Àwọn onímọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì wà lára àwọn tó ṣe é, wọ́n tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní 1993, orúkọ ".mp3" sì dé ní 1995. Kì í tọ́jú gbogbo ohùn. Ohùn tí etí kò ní gbọ́, torí pé èyí tó le jù ú lọ ti bò ó mọ́lẹ̀, ló ń yọ dànù. Ní kílóbíìtì 128 fún ìṣẹ́jú-àáyá, orin oníṣẹ́jú 4 kan náà di mẹ́gábáìtì 3.84. Ìṣẹ́jú 9 péré ni módẹ́ẹ̀mù yẹn fi máa gbé e wọlé. Láti wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú 9: ibẹ̀ gan-an ni odi ti wó.

(Ẹni tó bá gba MP3 128 kó má sọ ọ́ di 320 kó ní òun ti tún un ṣe. Ohun tí wọ́n ti yọ kò ní padà. Fáìlì á kàn tóbi sí i, ohùn ṣaworo á ṣì máa gbọ̀n bí ó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀.)

Napster wá dé ní oṣù kẹfà 1999. Shawn Fanning ló kọ ọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn torí òun ló pa á: fáìlì orin kankan kò sí lórí sáfà (kọ̀ǹpútà àárín) Napster. Inú kọ̀ǹpútà àwọn tó ń lò ó ni orin wà. Ohun tó wà lórí sáfà ni àkójọ orúkọ: ta ló ní orin wo, ṣé ó wà lórí ìlà báyìí. O wá orin, sáfà dárúkọ ẹni tó ní i fún ọ, kọ̀ǹpútà yín méjèèjì wá bá ara wọn ṣe é tààrà. Àkójọ yẹn sì dà bí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo fún odidi agboolé: ẹni tó bá tì í ti ti gbogbo ilé.

Òfin_àti_Orin:

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu ọ̀nà yẹn ni adájọ́ dì mú.

Kí Napster tó dé, ẹjọ́ tí gbogbo ẹlẹ́rọ ń gbára lé ní Amẹ́ríkà ni ti Sony àti ẹ̀rọ agbàwòrán-sílẹ̀ Betamax, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní 1984, adájọ́ 5 sí 4. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ kan bá wúlò gidi fún ohun tí òfin fàyè gbà, a kò lè torí pé àwọn kan ń lò ó láìtọ́ dá ẹni tó ṣe é lẹ́bi. Napster sá sábẹ́ ìdájọ́ yìí, kò sì gbà á sílẹ̀. Ní oṣù kejì 2001, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ẹkùn Kẹsàn-án rí ohun méjì tí Sony kò ní. Àkọ́kọ́, Napster mọ fáìlì tó ń lọ, ó sì ń ran àwọn arúfin lọ́wọ́. Ìkejì, ó ń jẹ èrè ibẹ̀ nígbà tó lágbára láti lé wọn jáde. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fídíò kì í mọ ohun tí oníbàárà ń gbà sílẹ̀ nílé. Ẹni tó ni àkójọ ń rí i lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni adájọ́ ní kí wọ́n dí àwọn orin tí wọ́n bá kọ orúkọ wọn ránṣẹ́. Orúkọ fáìlì ni wọ́n fi ń dí i, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi orúkọ náà kọ mọ̀ọ́mọ̀: lẹ́tà kan yí, lẹ́tà kan pa rẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù keje 2001, wọ́n ti tì í pa.

Ẹ wo ohun tí àwọn tó tẹ̀ lé wọn wá rí kọ́: bí àkójọ ló ń dáni lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká má ní àkójọ. Gnutella ti jáde ní 2000 láìní sáfà àárín kankan. Kazaa àti Grokster ń lo FastTrack, tó ń sọ kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà fúnra wọn di olórí ìsọ̀. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ fún wọn ní ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀. Àmọ́ ní oṣù kẹfà 2005, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ti Grokster, gbogbo adájọ́ 9 ló sì fohùn ṣọ̀kan: ẹni tó bá pín ẹ̀rọ kiri tó sì ń fi ọ̀rọ̀ àti ìṣe ti àwọn èèyàn láti rú òfin, ó jẹ̀bi, àkójọ wà o, kò sí o. Ẹ̀rí tí wọ́n lò kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Wọ́n ní àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń polówó ara wọn fún àwọn tó ń lo Napster tẹ́lẹ̀, wọn kò sapá láti dí orin tí kò gbàṣẹ, owó ìpolówó wọn sì ń pọ̀ sí i bí ìrúfin ṣe ń pọ̀ sí i. LimeWire náà kò ríbi sá sí: ó ti ilẹ̀kùn ní 2010, ó sì gbà ní 2011 láti san mílíọ̀nù 105 dọ́là.

Onígìtá_Kékeré:

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Tí gbogbo àwọn yẹn bá ti lulẹ̀, kí ló dé tí torrent, tí wọ́n ṣì fi ń pín fáìlì, ò fi lulẹ̀ títí di òní? Mo tún máa ń gbọ́ pé tí èèyàn bá kàn ń gbà, tí kò fún ẹnikẹ́ni, kò sí ẹjọ́ lọ́rùn ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹlẹ́rọ_Ohùn:

Àbúrò, jẹ́ kí n mú ti àkọ́kọ́.

Ìkùdíẹ̀-káàtó FastTrack ni pé kì í ṣàyẹ̀wò gbogbo fáìlì. Àmì ìdánimọ̀ tó ń ṣe fún fáìlì, kílóbáìtì 300 àkọ́kọ́ ló ń wò, lẹ́yìn náà á mú díẹ̀ níbi mẹ́gábáìtì 1, 2, 4, títí lọ. Ohun tó wà láàárín, kò wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ba nǹkan jẹ́ á kàn fi ariwo rọ́pò ibi tí a kò wò, àmì á sì bára mu. Bí ayédèrú orin ṣe kún Kazaa nìyẹn: ìbẹ̀rẹ̀ dára, àárín di ariwo.

BitTorrent, tí Bram Cohen gbé jáde ní 2001, dí ihò yìí. Ó gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, kílóbáìtì 256 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́, ó sì fi ìṣirò tí wọ́n ń pè ní SHA-1 ṣe àmì báìtì 20 fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ tí àmì rẹ̀ kò bá bára mu, ó dà á nù, ó tún un gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹyọ tó ṣọ̀wọ́n jù ló máa ń kọ́kọ́ wá, kó má bàa sọnù bí ẹni tó ní i bá lọ. Ìyẹn ló dé tí fáìlì atijọ́ fi máa ń dúró sí 98% láìparí: ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta tó ṣẹ́ kù, ẹni tó ní wọn ti pa kọ̀ǹpútà.

Kò sì sí ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ máa pè lẹ́jọ́. Ìlànà lásán ni, ẹnikẹ́ni lè kọ ètò tó ń lò ó. Tẹ́lẹ̀, sáfà kan tí wọ́n ń pè ní tracker ló ń sọ ẹni tó wà nínú agbo, ìyẹn àwọn tó ń pín fáìlì kan náà, wọ́n sì ń ti tracker pa. Láti 2005 ni DHT ti dé: àwọn kọ̀ǹpútà fúnra wọn ń pín àkójọ náà mú láàárín ara wọn. Ìjápọ̀ magnet wá mú kí fáìlì .torrent gan-an má pọn dandan mọ́, àmì ìdánimọ̀ kan ti tó. Ní 2009 ilé ẹjọ́ ní Sweden rán àwọn mẹ́rin tó wà nídìí The Pirate Bay, ojú-ìwé tí wọ́n ti ń wá torrent, lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan kan (ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín ti àwọn mẹ́ta kù ní 2010), ojú-ìwé náà kò sì kú.

Ní ti ìbéèrè kejì: rárá o. Bí BitTorrent ṣe ń fúnni ni ó fi ń gbà. Ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń yẹ̀ ẹ́ wò pé ta ló ń fún òun dáadáa, àwọn yẹn ni òun náà máa fún. Àyè kan péré ló fi sílẹ̀ fún àjèjì, tó ń yí i padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹni tó bá ní òun ò fúnni, orí àyè kan yẹn àti ojú àánú àwọn tó ti parí ló máa wà, á sì pẹ́. Nǹkan mìíràn tí àwọn èèyàn kì í rò ni pé gbogbo ẹni tó wà nínú agbo ń rí àdírẹ́sì IP ara wọn. Ẹni tó ń ṣọ́ agbo kò nílò ọgbọ́n pàtàkì kankan: á wọlé bí gbogbo yín, á gba ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ, á kọ IP rẹ àti aago sílẹ̀.

Òfin_àti_Orin:

Mo fẹ́ fi kún ìyẹn. Nínú òfin, ṣíṣe ẹ̀dà jẹ́ ẹ̀tọ́ kan, pípín fún aráyé jẹ́ ẹ̀tọ́ mìíràn. Ẹni tó ń gbà nìkan ti ṣe ẹ̀dà. Ẹni tó ń gbà tó tún ń fúnni ti tẹ méjèèjì. Torí náà "mi ò fún ẹnikẹ́ni" lè dín ẹ̀sùn kù, kò lè pa á rẹ́.

Ní ti IP, ó ń tọ́ka sí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì, kì í tọ́ka sí èèyàn. Ilé kan lè ní ẹni mẹ́fà lórí ìlà kan, ilé-iṣẹ́ fóònù sì lè kó ẹgbẹ̀rún oníbàárà sábẹ́ IP kan ṣoṣo. Bí aago inú àkọsílẹ̀ bá fi wákàtí kan yẹ̀ torí pé wọn kò kọ agbègbè aago sí i, ẹlòmíràn pátápátá ni wọn máa kọ lẹ́tà sí.

Ní oṣù kẹsàn-án 2003, àwọn ilé-iṣẹ́ orin Amẹ́ríkà lábẹ́ ẹgbẹ́ wọn, RIAA, pe ẹni 261 lẹ́jọ́ lọ́jọ́ kan. Ọmọ ọdún 12 kan wà nínú wọn, ìyá rẹ̀ sì san 2,000 dọ́là láti yanjú rẹ̀. Òfin ibẹ̀ fàyè gba owó gbà-mábìínú láti 750 títí dé 30,000 dọ́là lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, 150,000 bí wọ́n bá ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. "Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan" ni ẹ fojú sí. Nínú ẹjọ́ kan tó dá lórí orin 24, àwọn ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kọ́kọ́ ní 222,000 dọ́là ní 2007. Wọ́n tún un gbọ́ ní 2009, ó di mílíọ̀nù 1.92. Ní 2012 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a padà sí 222,000, ìyẹn 9,250 lórí orin kan. Orin yẹn, sẹ́ǹtì 99 ni iye rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù iTunes. Ìdájọ́ báyìí kò kó owó wálé, ó kàn sọ àwọn olólùfẹ́ orin di ọ̀tá. Ní oṣù kejìlá 2008 ni wọ́n kéde pé àwọn á dáwọ́ ìpẹ̀jọ́ lọ́pọ̀ yanturu náà dúró. Gbogbo ìpẹ̀jọ́ yẹn kò fòpin sí pípín fáìlì.

Ìyá_Akọrin:

Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ìyà àwọn apẹ̀jọ́ bo ìyà àwọn olórin mọ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà nìkan, owó orin tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 14.6 dọ́là ní 1999. Nígbà tó fi di 2014, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 6.7 lọ, a kò sì tíì yọ ti owó tó ń dín lágbára. Kì í ṣe àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Onílù tí wọ́n ń háyà sí studio, ẹni tó ń ta àwo, ẹni tó ń kọ orin fún ẹlòmíràn tí kì í jáde sórí ìtàgé, àwọn wọ̀nyí ni kò rí iṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá sọ fún wọn pé "ẹ lọ ṣeré níta kẹ́ ẹ fi rówó", ẹni tí kò ṣeré rí ló ń bá sọ̀rọ̀. Akọrin-kalẹ̀ kì í ní ìtàgé.

Àyàn_Orí_Ẹ̀rọ:

Ìyá, mo gbà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi bí ẹni ń gbèjà olè. Ohun tí mò ń bá jà ni kí á gbé gbogbo ìṣubú yẹn lé orí kan ṣoṣo. Ní 2007, Oberholzer-Gee àti Strumpf tẹ ìwádìí kan jáde tó ní ipa pípín fáìlì lórí títà àwo kéré débi pé kò ṣeé yà sọ́tọ̀ sí òdo. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ta kò wọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí lẹ́yìn wọn sì rí i pé ó dín ọjà kù ní tòótọ́. Mo wà lẹ́yìn àwọn yẹn. Àmọ́ nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ nígbà kan náà: odidi CD ni wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ orin kan. Ní oṣù kẹrin 2003, iTunes tú u palẹ̀, ẹyọ kan ní sẹ́ǹtì 99. Ẹni tó ń ra orin 12 kó lè gbọ́ méjì wá ń ra méjì péré. Owó yẹn kò lọ sọ́dọ̀ olè, kò sì padà wá.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà tún fọwọ́ ara wọn lé oníbàárà sẹ́yìn. Orin iTunes ní àgádágodo lára títí di 2009, kì í ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ orin ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ní 2005, Sony BMG fi ètò kan sínú CD tó ń fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ Windows, tó sì ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò kọ̀ǹpútà. Ẹni tó sanwó ni àgádágodo ń dí lọ́wọ́. Ẹni tó jí i gba fáìlì tó mọ́.

Ìgbà tí Spotify bẹ̀rẹ̀ ní Sweden ní oṣù kẹwàá 2008 ni mo ka sí ìyípadà gidi. Ẹ mọ̀ pé ètò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ìgbà yẹn ń lo ọ̀nà pípín láàárín oníbàárà, bíi ti Napster, kí orin lè tètè bẹ̀rẹ̀. Títí di 2014 ló fi lò ó. Ọ̀nà kan náà ni, ìwé àṣẹ ló yàtọ̀. IFPI, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ orin àgbáyé, sọ pé owó orin tí a gbà sílẹ̀ kárí ayé ní 2023 jẹ́ bílíọ̀nù 28.6 dọ́là, streaming (gbígbọ́ orin tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ló sì ni 67.3% nínú rẹ̀.

Onígìtá_Kékeré:

Tí owó bá ti padà tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí olórin ṣì ń pariwo?

Àkọsílẹ̀_Pé:

Ibi tí mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Orin kan, ẹ̀tọ́ méjì ni. Àkọ́kọ́ ni orin tí a kọ: ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ. Ti akọrin-kalẹ̀ (ẹni tó kọ ọ́) àti publisher rẹ̀ (ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó orin tó kọ) ni. Ìkejì ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní studio. Ti ẹni tó náwó sí i ni, bóyá ilé-iṣẹ́ orin tàbí olórin fúnra rẹ̀. Àmì © àti ℗ tó wà lẹ́yìn àwo, iṣẹ́ wọn yàtọ̀: ℗ ni ti ohùn tí a gbà sílẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá tún orin kan náà kọ, ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan, ìkejì ti di mẹ́wàá.

Alápínká orin tó ń gbé iṣẹ́ yín sórí ẹ̀rọ, ẹ̀tọ́ kejì nìkan ló máa ń gba owó rẹ̀ fún yín. Ẹni tó kọ orin fúnra rẹ̀, tó gbé e jáde fúnra rẹ̀, tó rò pé alápínká ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, apá kan owó rẹ̀ wà níbì kan tó ń dúró de orúkọ. Kì í ṣe owó kékeré. Nígbà tí MLC, ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin tí a kọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 2021, àwọn ilé-iṣẹ́ streaming kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 424 dọ́là fún un, owó tí wọ́n ti dá dúró tẹ́lẹ̀ nítorí pé wọn kò mọ ẹni tó ni orin.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Kí ẹ tó kúrò ní studio lọ́jọ́ náà, ẹ kọ ìwé ìpín: orúkọ gbogbo ẹni tó kọ orin bó ṣe wà nínú ìwé àṣẹ wọn, nọ́ńbà IPI wọn (nọ́ńbà ìdánimọ̀ akọrin-kalẹ̀), ìdá tí olúkúlùkù ní, kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100 géérégé. Ẹ fọwọ́ sí i. Bí ẹnì kan bá kọ 50 ní ibì kan, tí ẹnì kejì kọ 60 ní ibòmíràn, 110 ló di, ẹgbẹ́ agbowó á sì dá gbogbo owó náà dúró títí ẹ ó fi parí ìjà.

Lẹ́yìn náà, ohùn tí a gbà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní ISRC, àmì 12: lẹ́tà méjì àkọ́kọ́, àmì mẹ́ta fún ẹni tó forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà méjì fún ọdún, márùn-ún fún orin. Bí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ alápínká kan lọ sí òmíràn, ẹ gbé ISRC àtijọ́ dání. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: alápínká tuntun fún wọn ní ISRC tuntun, iye tí àwọn èèyàn ti gbọ́ orin náà padà sí òdo, orin kan wá di méjì lójú ẹ̀rọ. Remix ló gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Orin tí a kọ náà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, ISWC, tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà T, ẹgbẹ́ àwọn akọrin-kalẹ̀ ni ẹ ti máa gbà á. Kí ẹ rí i dájú pé wọ́n so ISRC mọ́ ISWC. Ibi tí okùn ti já nìyẹn jù.

Owó kẹta kan tún wà tí a máa ń gbàgbé. Fún rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, SoundExchange, ẹgbẹ́ agbowó kan, ń pín in báyìí: 50% fún ẹni tó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀, 45% fún olórin tó léwájú, 5% fún àwọn onílù àti elégbè. Bí ẹ bá ni ohùn náà tí ẹ sì kọrin inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan ti fi nǹkan bí ìdajì sílẹ̀.

Ìyá_Akọrin:

Ọlọ́run á bùkún ẹni tó kọ èyí. Kí gbogbo onílù kà á.

Ẹlẹ́rọ_Ohùn:

Ọ̀nà ìpín náà wà níbẹ̀ o, ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ sórí àkọsílẹ̀. Kò sí "iye owó fún gbígbọ́ kan" nínú ìwé ilé-iṣẹ́ streaming ńlá. Agbada kan ni gbogbo owó ń dà sí. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: èèyàn méjì san 10 ẹnì kọ̀ọ̀kan, 70% nínú 20 yẹn di 14 fún àwọn olórin. Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ orin Bọ́lá nígbà 900, ẹnì kejì gbọ́ ti Dàpọ̀ nígbà 100. Nínú ọ̀nà agbada, Bọ́lá gba 12.6, Dàpọ̀ gba 1.4. Ẹnì kejì kò gbọ́ Bọ́lá rí, síbẹ̀ owó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bọ́lá. Bí a bá pín owó oníbàárà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó gbọ́ nìkan, méjèèjì gba 7. SoundCloud bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kejì yìí ní 2021 fún àwọn olórin aládàáni. Láti 2024, orin tí kò bá tó gbígbọ́ 1,000 láàárín oṣù 12 lórí Spotify kò ní gba owó ohùn tí a gbà sílẹ̀ rárá. Lójú tèmi ìyẹn kò tọ́, torí owó kékeré tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn kékeré, àwọn ńlá ni wọ́n pín in fún.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta "gbígbọ́". Róbọ́ọ̀tì ni. Bí ẹ̀rọ bá fura, wọ́n á yọ orin náà, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé alápínká, tí alápínká máa gbà padà lọ́wọ́ yín.

Onígìtá_Kékeré:

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè tó kẹ́yìn: tí ẹlòmíràn bá gbé orin mi sójú-ìwé ẹ̀ láìgbàṣẹ ńkọ́?

Òfin_àti_Orin:

Ẹ̀tọ́ rẹ ti wà láti ìgbà tí o ti gbà á sílẹ̀. Àdéhùn Berne, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà, kò béèrè fún ìforúkọsílẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, bí o kò bá forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ìrúfin tó bẹ̀rẹ̀, tàbí láàárín oṣù mẹ́ta tó kọ́kọ́ jáde, o kò lè béèrè owó gbà-mábìínú tí mo sọ lókè. Àdánù tí o lè fi ẹ̀rí hàn àti èrè tí arúfin jẹ níbẹ̀ nìkan ni wàá gbà.

Kí o tó ronú ẹjọ́, kọ ìwé ìyọkúrò sí ilé-iṣẹ́ tó gba ojú-ìwé náà sórí sáfà. Òfin DMCA ti 1998 ló gbé e kalẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó bá tètè yọ ọ́ kò ní jẹ̀bi. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ni ìbuwọ́lùwé rẹ, orúkọ iṣẹ́ náà, ìjápọ̀ ojú-ìwé náà gan-an, bí wọ́n ṣe lè kàn sí ọ, gbólóhùn pé o gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé wọn kò gbàṣẹ, àti gbólóhùn pé òótọ́ ni ohun tí o kọ, pé lábẹ́ ìyà ìbúra èké sì ni o fi sọ pé ìwọ lo ní ẹ̀tọ́ náà tàbí o ń ṣojú ẹni tó ni ín. Èyí tó ń bà á jẹ́ jù ni ìjápọ̀: àwọn èèyàn máa ń fi ojú-ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́, wọ́n á ní "orin mi wà níbẹ̀". Ìjápọ̀ orin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fẹ́.

Onítọ̀hún lè dá a padà pẹ̀lú ìwé àtakò. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ á gbé orin náà padà lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14, àyàfi tí o bá ti pe ẹjọ́. Ronú dáadáa kí o tó fi ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ o, torí òfin náà fìyà jẹ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nínú rẹ̀.

Àkọsílẹ̀_Pé:

Kí onígìtá wa tó lọ: bí ó bá jẹ́ pé beat tí wọ́n ń yá fún gbogbo ayé lo fi kọ orin náà, má gba kí alápínká fi í sínú Content ID, ẹ̀rọ tí YouTube fi ń dá orin mọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ àdágbà nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀rọ á gbọ́ beat kan náà nínú orin ẹlòmíràn tó yá a bíi tìrẹ, á ní tìẹ ni, ìwọ ni wọ́n máa kọ ìwé sí. Wo ìwé tí ẹni tó ṣe beat fún ọ: bí ó bá kọ "non-exclusive" síbẹ̀, yọ àmì Content ID kúrò lórí fọ́ọ̀mù alápínká kí o tó tẹ "submit".